Joey Bosa àti Chargers ní 2016: ìjà lórí gbólóhùn méjì nínú ìwé àdéhùn

Ní April 28, 2016, ní ìlú Chicago, ẹgbẹ́ San Diego Chargers mú Joey Bosa ṣe ẹni kẹta nínú draft NFL, ètò tí àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dọọdún. Yunifásítì Ohio State ló ti wá, defensive end sì ni: iṣẹ́ rẹ̀ ni kó já ìlà àwọn tó ń dáàbò bo quarterback, kó gbé e ṣánlẹ̀ kó tó rí àyè ju bọ́ọ̀lù. Ẹni 253 ni wọ́n yàn lọ́dún náà. Nígbà tí August fi máa dé ìdajì, Bosa nìkan ló kù tí kò tíì fọwọ́ síwèé nínú gbogbo wọn. August 29 ló tó buwọ́ lù ú, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan tí ibùdó ìgbáradì ti ṣí láìsí i níbẹ̀. Láti ìgbà tí òfin owó tuntun ti dé ní 2011 títí di ọdún náà, kò tíì sí agbábọ́ọ̀lù tuntun tó jókòó sílé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nítorí àdéhùn.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á rò pé owó ni kò tó. Owó kọ́. Iye tí Bosa máa gbà fún ọdún mẹ́rin ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀ rárá, nǹkan bíi mílíọ̀nù 25.87 dọ́là, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi kún un tàbí kí wọ́n dín in kù. Ohun tí wọ́n jà lé lórí ni ọjọ́ tí apá kan owó náà máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àti ẹni tó máa jèrè bí ẹgbẹ́ bá lé e kí ọdún mẹ́rin tó pé. Èrò tiwa ni pé ìhà méjèèjì mọ̀ dájú pé owó tó wà nínú gbólóhùn méjèèjì kéré. Ìwé àdéhùn àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ń jà fún, ọmọ ọdún 21 ló sì fi ara gbá a.

Bí iye owó ṣe di ohun tí a ti wọ̀n sílẹ̀

Ṣáájú 2011, ọjà ni owó agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ejẹ́ńtì á ná an, ẹgbẹ́ náà á ná an, ẹni tó bá lè fara da ìjókòó ló sábà ń borí. JaMarcus Russell, ẹni àkọ́kọ́ nínú draft 2007, kò fọwọ́ síwèé pẹ̀lú Oakland Raiders títí di September 12, nígbà tí wọ́n ti gbá eré àkọ́kọ́ sáà náà tán. Michael Crabtree jókòó dé October 2009 kó tó gbà fún San Francisco 49ers. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Sam Bradford gba àdéhùn ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ St. Louis Rams, mílíọ̀nù 78 dọ́là, tí mílíọ̀nù 50 nínú rẹ̀ sì ní ìdánilójú, kó tó ju bọ́ọ̀lù ẹyọ kan nínú NFL. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù tó ti ń fi ara ṣiṣẹ́ láti ọdún gbọọrọ ò fẹ́ ẹ náà. Nígbà tí NFL àti NFLPA, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ṣe àdéhùn àpapọ̀ ní 2011, wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn. Cam Newton, ẹni àkọ́kọ́ lọ́dún náà, gba ọdún mẹ́rin àti nǹkan bíi mílíọ̀nù 22.

Ẹni tó bá ní bírò lọ́wọ́ lè bá wa ṣe ìṣirò ti Bosa. Ipò kọ̀ọ̀kan nínú draft ní iye tó gbọdọ̀ jẹ́ nínú ìwé owó ẹgbẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́. Ti ẹni kẹta ní 2016 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.70 dọ́là. Nínú èyí, owó-iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ 450,000 dọ́là, tí í ṣe iye tó kéré jù tí òfin gbà fún ẹni tuntun. Ohun tó ṣẹ́ kù, mílíọ̀nù 4.25, jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìbuwọ́lùwé, nítorí òfin salary cap, òdiwọ̀n owó tí ẹgbẹ́ lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù lọ́dún kan, máa ń pín owó ìbuwọ́lùwé sí iye ọdún àdéhùn. Ẹ sọ 4.25 di ìlọ́po mẹ́rin, ó di mílíọ̀nù 17 dọ́là owó ìbuwọ́lùwé. Òfin tún sọ pé iye ti ọdọọdún kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọdún àkọ́kọ́ lọ sókè. Nítorí náà 4.70 á di 5.88, á di 7.06, á di 8.23. Ẹ ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, mílíọ̀nù 25.87 ni. Kò sí ọgbọ́n ejẹ́ńtì kan tó lè mú un kọjá ibẹ̀.

Bí a bá yọ mílíọ̀nù 4.25 kúrò nínú ti ọdún kọ̀ọ̀kan, owó-iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló kù: 450,000 lọ́dún àkọ́kọ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.63 lọ́dún kejì, 2.80 lọ́dún kẹta, 3.98 lọ́dún kẹrin. Ẹ fi àwọn iye mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí sọ́kàn.

Gbólóhùn méjèèjì

Èkíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní offset. Gbogbo owó ẹni kẹta nínú draft ló ní ìdánilójú: bí wọ́n bá lé e, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ san án. Ìbéèrè tó kù ni pé, bí ẹgbẹ́ mìíràn bá gbà á síṣẹ́, ṣé ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ lè yọ ohun tí ẹgbẹ́ tuntun ń san kúrò nínú gbèsè tirẹ̀? Bí offset bá wà níbẹ̀, wọ́n lè yọ ọ́. Bí kò bá sí, agbábọ́ọ̀lù á gba owó lọ́wọ́ méjèèjì.

Ká mú ti Bosa ká fi wò ó. Ká ní Chargers lé e ní 2019, ṣáájú ọdún kẹrin. Mílíọ̀nù 3.98 ni wọ́n ṣì jẹ ẹ́. Ká ní ẹgbẹ́ mìíràn gbà á ní owó tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ fún ẹni tó ti lo sáà mẹ́ta, 720,000 dọ́là lọ́dún náà. Pẹ̀lú offset, Chargers á san nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.26, àpapọ̀ tí Bosa máa gbà ò sì ní kúrò ní 3.98. Láìsí offset, á gba mílíọ̀nù 4.70. 720,000 dọ́là ni ìyàtọ̀, ìyẹn náà sì ni bí ẹni kẹta nínú draft bá burú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lé e láàárín ọdún mẹ́ta. Owó ìbuwọ́lùwé kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ó ti wà lápò rẹ̀.

Èkejì ni ìgbà tí owó ìbuwọ́lùwé máa wọlé. Agbábọ́ọ̀lù fẹ́ kí gbogbo mílíọ̀nù 17 náà dé láàárín ọdún tó buwọ́ lùwé. Chargers fẹ́ san èyí tó pọ̀ jù, kí wọ́n sún ìyókù sí ọdún tó ń bọ̀. Ká sọ pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sún, mílíọ̀nù 2.55 nìyẹn. Bí èèyàn bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ sí ibi tó ń mú ìdá 3 wá lọ́dún, èlé oṣù mẹ́fà rẹ̀ kò tó 40,000 dọ́là. Fún ẹni tó ń gba mílíọ̀nù 17, ìyẹn kì í ṣe ohun tó yẹ kó mú un jókòó sílé. Ewu gidi ò sì sí níbẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ NFL kì í jẹ gbèsè sá lọ.

Kí ló wá dé tí wọn ò fi gbà? Fún Chargers, ìdáhùn ni àṣà ilé. Tom Telesco ni ọ̀gá tó ń yan agbábọ́ọ̀lù, Ed McGuire ló ń jókòó ti ìwé àdéhùn, ìdílé Spanos ló sì ni ẹgbẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń ṣe é fún gbogbo ẹni àwọn. Ẹni tó bá yọ offset kúrò fún ẹnì kan, gbogbo ejẹ́ńtì tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ló máa gbé ìwé yẹn ka orí tábìlì.

Fún àwọn aṣojú Bosa ní ilé-iṣẹ́ ejẹ́ńtì CAA, ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn ẹgbẹ́ tó ń yan lókè draft sábà máa ń mú ọ̀kan nínú méjèèjì: àwọn kan á fi offset sí i, wọ́n á sì san owó kíákíá; àwọn bíi Rams àti Jacksonville Jaguars kì í fi offset sí i rárá nígbà náà. Wọ́n ní Chargers fẹ́ kó méjèèjì pọ̀. Ejẹ́ńtì náà ní ọjà tó ń tọ́jú. Owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lábẹ́ òfin NFLPA, kò sì lè gbà á kí agbábọ́ọ̀lù tó rí tirẹ̀ gbà, lórí 25.87, iye tó ga jù á jẹ́ nǹkan bíi 776,000 dọ́là. Pẹ̀lú offset o, láìsí offset o, owó rẹ̀ ò yí. Ohun tó lè yí ni ohun tí ejẹ́ńtì mìíràn máa sọ létí àwọn òbí ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́dún tó ń bọ̀: "Àwọn ló gba offset àti ìsúnsíwájú papọ̀ fún ẹni kẹta." Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń lé oníbàárà lọ. Ó yẹ kí òbí tó ń yan ejẹ́ńtì fún ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé ìdí kan wà tí ejẹ́ńtì fi lè jà fún gbólóhùn tí kò wúlò fún ọmọ náà púpọ̀.

Ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan lè ṣe, àti ọjọ́ tó ń ká a mọ́

Ẹni tuntun tí kò tíì fọwọ́ síwèé kò dà bí àgbà agbábọ́ọ̀lù tó ní àdéhùn tó sì kọ̀ láti wá. Wọn ò lè bu owó ìtanràn lé e, nítorí kò sí lábẹ́ àdéhùn kankan. Ṣùgbọ́n kò gba kọ́bọ̀, kò sì lè bá ẹgbẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀; Chargers nìkan ló ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀.

Ọjọ́ ṣe pàtàkì níbí. Tó bá ti ku ọjọ́ 30 sí Sunday àkọ́kọ́ sáà, ẹgbẹ́ ò lè fi ẹ̀tọ́ orí ẹni tí kò tíì fọwọ́ síwèé ṣe pàṣípààrọ̀ mọ́. Ní 2016, ààrin August nìyẹn. Tó bá di Tuesday tó tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ kẹwàá sáà, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ New York, tí kò sì tíì buwọ́ lùwé, kò ní gbá bọ́ọ̀lù kankan lọ́dún náà. Ohun tó kù ni kó padà sínú draft ọdún tó ń bọ̀. Bo Jackson ṣe bẹ́ẹ̀ rí: Tampa Bay Buccaneers mú un ṣe ẹni àkọ́kọ́ ní 1986, ó kọ̀ wọ́n, ó lọ gbá baseball, Raiders sì wá mú un ní ìpele keje ní 1987. Baseball ló fún un láyà. Bosa ò ní iṣẹ́ kejì.

Nínú August náà ni ìyá Bosa kọ ọ́ sórí Facebook pé ì bá dára ká ní àwọn ti ṣe bíi Eli Manning. Àwọn ará San Diego mọ ohun tó túmọ̀ sí: ní 2004, ìdílé Manning sọ kí draft tó dé pé ọmọ àwọn ò ní gbá fún Chargers, wọ́n yàn án síbẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Philip Rivers lọ́dọ̀ New York Giants lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kò lè mú nǹkan jáde. Agbára Manning wà ṣáájú draft àti lọ́jọ́ draft. Lẹ́yìn ààrin August, ọ̀nà yẹn ti dí.

Adìẹ wá bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ní August 24, Chargers gbé ọ̀rọ̀ náà síta nínú ìkéde tí wọ́n fọwọ́ sí. Wọ́n ní ohun tí àwọn fi lọ Bosa ní owó ìbuwọ́lùwé àkọ́san tó ju ti agbábọ́ọ̀lù èyíkéyìí lọ nínú draft méjì tó kẹ́yìn. Pé láàárín ọdún kàlẹ́ńdà náà, Carson Wentz nìkan ló máa gba owó jù ú lọ nínú àwọn tí wọ́n yàn ní 2016. Wọ́n wá ní àwọn ti yọ ọwọ́ kúrò nínú ohun tí àwọn fi lọ̀ ọ́, pé ọjọ́ tó ti pàdánù ti mú kó ṣòro fún un láti wúlò fún odindi eré 16, nítorí náà àwọn máa tún un ṣe.

Ìkéde yẹn ni ibi tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí lójú wa, kì í sì í ṣe nítorí pé irọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń sọ pé iye eré tó kù ti dín kù ń fi ọgbọ́n sọ pé owó náà lè dín kù, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé òṣùwọ̀n owó ẹni tuntun kan náà ló ń dúró de ọmọ náà. Lọ́dún kan náà ni Chargers ń bẹ àwọn ará San Diego pé kí wọ́n dìbò fún Measure C ní November 8, kí owó-orí ilé ìtura lè bá wọn kọ́ pápá tuntun. Àkókò tí èèyàn ń tọrọ owó lọ́wọ́ ìlú kọ́ ló yẹ kó máa bá ọmọ tuntun rẹ̀ jà lójú agbo. Ìdìbò náà ò bọ́ sí i, ẹgbẹ́ sì kó lọ sí Los Angeles ní January 2017.

Bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìkéde náà, ó fọwọ́ síwèé. Offset dúró sínú àdéhùn. Chargers gba ìyẹn. Bosa gba kí owó tó pọ̀ sí i tètè wọlé ju bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí tẹ́lẹ̀ lọ. Irú ìparí bẹ́ẹ̀ ti wà lórí tábìlì láti July, ẹnì kan ò kàn fẹ́ jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ọ̀nà kẹta tún wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń gbà. Wọ́n lè kọ owó-iṣẹ́ ọdún kẹta àti ìkẹrin ní kékeré, kí wọ́n sọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ di roster bonus, owó tí agbábọ́ọ̀lù ń gbà bó bá ṣì wà nínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan pàtó, tí wọ́n máa san ní ìbẹ̀rẹ̀ ibùdó ìgbáradì. Ní ti Bosa, mílíọ̀nù 3.98 ọdún kẹrin lè di 720,000 owó-iṣẹ́, kí mílíọ̀nù 3.26 sì jẹ́ bonus inú July. Bí ẹgbẹ́ bá lé e ní September, èyí tó pọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, offset ò rí nǹkan gidi jẹ mọ́. Gbólóhùn náà á ṣì wà nínú ìwé, ẹgbẹ́ á lè sọ pé àwọn ò yí àṣà padà, ejẹ́ńtì náà á ní ohun tó máa fi hàn. Níbi tí ó ti lè bàjẹ́ ni ọjọ́ ìsanwó: bí wọ́n bá kọ ọ́ sí òpin ibùdó dípò ìbẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ á ní gbogbo August láti fi ronú bóyá kí wọ́n lé e kí ọjọ́ náà tó pé. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ibùdó ló dáa.

Ó tún yẹ kí wọ́n ka apá tó ń sọ ohun tó lè fagi lé ìdánilójú. Bí NFL bá dá agbábọ́ọ̀lù dúró fún ìwà àìtọ́ tàbí oògùn, ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló ń sọ owó onídàánilójú di owó lásán. Àwọn èèyàn ń pariwo offset, wọ́n á sì fò kọjá apá yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló ti gba owó lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù púpọ̀.

Ohun tí oṣù kan náà gbà

Lọ́nà owó, Bosa ò pàdánù nǹkan, nítorí ó fọwọ́ síwèé kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, eré sáà ni owó-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé. Ara ló jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì tí iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ fi yọnu, kò sì gbá eré mẹ́rin àkọ́kọ́. A ò lè fi ìdánilójú sọ pé ìjókòó ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá ṣeré ìdárayá ò lè rí ohun tí ibùdó ń ṣe fún defensive end: bí ó ṣe ń sáré bẹ́ láti ìdúró, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, sára ẹni tó wọn 140 kílò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dé ní ìparí August á bá ìyára eré gan-an pàdé láìsí àkàbà.

Nínú eré mẹ́rin yẹn, Chargers borí ẹyọ kan. Ní Kansas City, wọ́n fi àmì 21 ṣíwájú, Chiefs sì tún borí wọn 33 sí 27 ní àfikún àkókò. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń lé quarterback ni wọ́n nílò nínú ìdajì kejì. Ní October 9, Bosa jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí pápá Raiders, ó gbé Derek Carr, quarterback wọn, ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Sack, ìyẹn gbígbé quarterback ṣánlẹ̀, 10.5 ló kó jọ nínú eré 12, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dáa jù nínú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn (defense). Chargers parí sáà ní 5 sí 11, wọ́n sì lé kóòṣì Mike McCoy lọ́jọ́ tí sáà parí.

Ó yẹ ká ya ọ̀rọ̀ Bosa sọ́tọ̀ sí ti ọmọ tiwa kan tí orúkọ rẹ̀ máa ń jáde bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìjókòó. Adewale Ogunleye, defensive end Miami Dolphins, kọ̀ láti fọwọ́ síwèé ní 2004. Òun ti parí àdéhùn àkọ́kọ́, ó ti kó sack 15 jọ lọ́dún tó ṣáájú, iye ọdún kan péré ni wọ́n sì fi lọ̀ ọ́. Dolphins fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Chicago Bears nínú August, Bears sì fún un ní àdéhùn ọlọ́dún gígùn. Òun lè jókòó kó sì mú nǹkan bọ̀, nítorí òṣùwọ̀n kankan ò de owó rẹ̀.

Chargers ò lo offset Bosa rí. Ó lo ọdún mẹ́rin rẹ̀ pé, wọ́n fi ọdún karùn-ún kún un, nígbà tó sì di July 2020 wọ́n fún un ní ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 135 dọ́là, tí 102 nínú rẹ̀ ní ìdánilójú. Ní July 2025, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ̀ǹda Bosa, Tre Harris, wide receiver (ẹni tó ń sáré gba bọ́ọ̀lù) tí Chargers mú ṣe ẹni 55, kò wá sí ibùdó lọ́jọ́ tí àwọn tuntun wọlé. Iye owó tirẹ̀ náà ti wà nílẹ̀. Houston Texans ti fún Jayden Higgins, ẹni 34, ní àdéhùn tí gbogbo rẹ̀ ní ìdánilójú, àwọn ejẹ́ńtì ìpele kejì sì dá ọwọ́ dúró láti mọ ibi tí ìlà náà máa dé. Kí oṣù náà tó parí, Harris ti buwọ́ lùwé.